Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé lóṣooṣù ni ká máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo irinṣẹ́ wa ni àbí ní wákàtí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́fà la dáwó jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn, kí ẹni tí kò ní irinṣẹ́ lè wá lo tiwa: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ẹ̀rọ ìjórin, dírìlì, àti 3D printer kan (ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ nǹkan jáde) tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá wò bí ẹni ń wo sinimá.

₦5,000 lóṣù la ní kí kálukú tó ń wá lò ó máa san. Oṣù àkọ́kọ́, gbogbo wọn san. Láti ìgbà náà, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí oṣù parí" ni mò ń gbọ́. Àwọn ajigbèsè yìí gan-an ló ń lo ẹ̀rọ ìjórin jù, òun ló sì ń mu epo jẹnẹrétọ̀ wa. Lánàá, ẹnì kan jó odindi géètì, ó ní òun á fowó ránṣẹ́. Mo ṣì ń wo fóònù.

Ìyàwó mi ní kí n máa gba owó wákàtí kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Àfàìmọ̀ kó má gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ránṣọ ńkọ́? Àwọn ló ń san déédéé, mi ò fẹ́ lé wọn.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó tún wà níbẹ̀. A lẹ ìwé mọ́ ògiri, a gbé fọ́tò sí WhatsApp. Àwọn tó wá ń bèèrè èló la ń ta irin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ń pín owó epo? Kí lẹ sì kọ sára pátákó yín tó fi yé èèyàn?