Ẹ gbà mí o: ilẹ̀kùn àti wíńdò kílíníìkì ní Kubwa

Nọ́ọ̀sì Kubwa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mò ń kọ́ kílíníìkì kékeré kan ní Kubwa níbí, wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà àti yàrá ìgbẹ̀bí kan, blọ́ọ̀kù ò tíì dé líńtẹ̀lì. Bíríkìlà ní ilẹ̀kùn 90 sẹ̀ǹtímítà ni kí n fi síbi gbogbo, oní-alumíníọ̀mù ní sliding ni kí n fi ṣe wíńdò torí ó rẹwà. Ọkàn mi ò balẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyá kan bímọ tán lẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ò gba ẹnu ọ̀nà, ìró làwa mẹ́rin fi gbé e dénú mọ́tò. Ó yè, àmọ́ mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi láéláé.

Kọ́lékọ́lé Lugbe:
Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má gbà fún un o. 90 tó ń wí yẹn, tí férémù bá wọ̀ ọ́, tílẹ̀kùn fúnra ẹ̀ tún gba àyè tiẹ̀, bíi 80 ló máa kù, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù sì fẹ̀ tó 90, òmíì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tó bá ṣẹ́kù nígbà tílẹ̀kùn bá ṣí tán ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kì í ṣe ihò ara ògiri, kó tó 120 ó kéré tán. Ẹ ṣe é ní aláwẹ́ méjì, awẹ́ ńlá fáwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, kékeré á wà ní títì àfi tí bẹ́ẹ̀dì bá ń bọ̀. Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó máa ṣí síta, torí aláìsàn tó bá dákú síbẹ̀, ara ẹ̀ ló máa dí ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á.

Tíátà Kano:
Òótọ́ ni. Hándù gígùn tí ìgbọ̀nwọ́ lè tẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe rogodo, ọwọ́ wa kì í ṣófo. Ẹ fi gíláàsì tóóró sójú ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù kẹ́ni tó ń bọ̀ lè rí ẹni tó gbé tíréè abẹ́rẹ́ lódìkejì. Tempered tàbí laminated ni o, gíláàsì lásán tó bá fọ́, ọ̀bẹ ni. Sliding yẹn, ìdajì péré ló ń ṣí. Nínú ìwé tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2009, afẹ́fẹ́ lítà 60 ló yẹ kó máa wọlé fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdù kan, 160 níbi tẹ́ ẹ bá kó oníkọ́ fée sí. Ẹ rántí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí yínrùnyínrùn máa ń jà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí.

Alumíníọ̀mù Dei-Dei:
Iṣẹ́ mi nìyí, èmi náà ò ní ta sliding fún yín. Casement, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ń ṣí tán, tí ọyẹ́ bá sì gbé eruku dé, rọ́bà ẹ̀ á dí i pa, ohun tí lúfà ò lè ṣe nìyẹn. Ẹ fi wíńdò sí ògiri méjèèjì tó dojú kọra kí afẹ́fẹ́ lè gba inú kọjá, kẹ́ ẹ dín ti apá ìwọ̀ oòrùn kù, oòrùn ìrọ̀lẹ́ Abuja ń sun èèyàn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, inú ni kó wà, kó ṣeé yọ fọ̀, torí tí eruku bá dí i, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé mọ́. Bọ́gílárì náà, ẹ ṣe ọ̀kan tó ń ṣí láti inú nítorí iná.

Nọ́ọ̀sì Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an. Bíríkìlà ń ráhùn, mo ní kó tú kọ́ọ̀sì blọ́ọ̀kù mẹ́ta tó ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ ẹ̀ ti ń tú u báyìí.