Mẹ́talọ́kan kò ṣẹ̀ wá: ẹ gbé "Ọ̀kan-Àpapọ̀" kúrò níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa láti Sùúrùlérè, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ní kí a pa "Mẹ́talọ́kan" tì, pé "mẹ́ta ni ọ̀kan" ló túmọ̀ sí, kò sì bá ìṣirò mu. Ẹ ní "Ọ̀kan-Àpapọ̀" ló yẹ ká máa wí, torí pé echad, ọ̀rọ̀ Hébérù fún "kan" inú Diutarónómì 6:4 ("Gbọ́, Ísírẹ́lì: OLÚWA Ọlọ́run wa, OLÚWA kan ni"), ọ̀kan tó ní ọ̀pọ̀ nínú ni. Àgbà ni yín, ẹ sì mọ Bíbélì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wọ́. "Ni" olóhùn àárín àti "ní" olóhùn òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí "ni" bá pàdé fáwẹ̀lì olóhùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kì í yẹsẹ̀: "òun ni ọ̀gá" di "òun lọ̀gá". Ṣùgbọ́n "ní" máa ń gbé ohùn òkè rẹ̀ lé fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e lórí: "ní ọ̀nà" di "lọ́nà", "ní ọ̀run" di "lọ́run". Tó bá jẹ́ "mẹ́ta ni ọ̀kan" ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ kan, "Mẹ́talọ̀kan" là bá máa gbọ́. Ta ló gbọ́ ọ rí? Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Èbúté Mẹ́ta, tọmọdé tàgbà, "lọ́" ni wọ́n ń pè. Mẹ́ta nínú ọ̀kan ni wọ́n wí, wọn kò pe mẹ́ta ní ọ̀kan. Àwọn àgbà tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ní etí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ "Mẹ́talọ́kàn", ẹ mú àmì yẹn kúrò lórí "kan". "Ní ọkàn" ló ń di "lọ́kàn". Mẹ́ta tó wà lọ́kàn èèyàn lásán lẹ kọ yẹn.

Ó wá ku echad fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí tí ẹ̀gbọ́n mú wá ni "ara kan" ti ọkọ àti aya nínú Jẹ́nẹ́sísì 2:24, àti ṣírí àjàrà kan inú Nọ́ńbà 13:23. Òótọ́ ni pé echad wà níbẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n inú "ṣírí" ni èso púpọ̀ wà, kò sí nínú "kan". Bí mo bá ra agbọ̀n tòmátò kan ní Mile 12, agbọ̀n ló kó tòmátò sínú. Ẹyọ agbọ̀n ni "kan" kà. Sámúẹ́lì Kejì 12:3 ní tálákà yẹn kò ní nǹkan kan àfi abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan. Echad náà nìyẹn, bó ṣe ń rí bí ó bá bá ohun tó jẹ́ abo rìn. Kí ni àpapọ̀ níbẹ̀? Oníwàásù 4:8 tún pe ẹni tó dá wà, tí kò ní ẹnì kejì, tí kò ní ọmọ tàbí arákùnrin, ní echad. Ọ̀rọ̀ yìí farahàn ju ìgbà 900 lọ nínú Bíbélì Hébérù, "ọ̀kan" lásán ni níbi tó pọ̀ jù. Yachid, ọ̀rọ̀ Hébérù fún "kan ṣoṣo", tí wọ́n máa ń fi ṣe àtakò rẹ̀, ìgbà 12 péré ni, kì í sì í ṣe nọ́ńbà tí a fi ń kà. Ti Jẹ́nẹ́sísì 22:2 ni "ọmọ rẹ kan ṣoṣo".

Ẹ wo "àpapọ̀" náà wàyí: à-pa-pọ̀. Ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ pa á pọ̀. Ta ló pa Ọlọ́run pọ̀? Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá àjọ ₦5,000 ní Ìdúmọ̀tà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Bí ẹnì kan bá yẹra, ó di ₦45,000. Ìpínlẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ 12 ní 1967, ó di 19 ní 1976, ó di 36 ní 1996, ìjọba àpapọ̀ náà là ń pè é. Ohun tó bá jẹ́ àpapọ̀, ó ṣeé bù kún, ó ṣeé yọ lára, ẹ̀yà rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan kọ ìyẹn pátápátá: Baba kì í ṣe ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta Ọlọ́run. Ọlọ́run ni ní kíkún, bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀mí.

Àbúrò wa láti Ṣómólú tó ní kí Elohim, ọ̀rọ̀ Hébérù fún Ọlọ́run, di "Àwọn Ọlọ́run" nítorí "-im" ìparí rẹ̀ tó ń fi ọ̀pọ̀ hàn, kó wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a rìn. Bara ("ó dá"), ti ẹyọ ẹnì kan, ló wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:1. Ẹ́kísódù 7:1 ní Ọlọ́run fi Mósè ṣe elohim fún Fáráò. Ṣé Mósè di púpọ̀ ni? Àwa tí a ń sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun" ló yẹ kó tètè yé jù. Arọ́pò-orúkọ la fi ń bọ̀wọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀-orúkọ ni àwọn Hébérù fi ṣe tiwọn. "Ìwọ" ni Bíbélì wa fi ń pe Ọlọ́run, àwọn ọmọ Èkó òde òní ń kọrin "Ẹ ṣé, Jésù". Èmi kò fara mọ́ "ẹ" yẹn, "ìwọ" àwọn bàbá wa ló wù mí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó torí rẹ̀ ka Jésù sí méjì.

Mẹ́ta tí à ń wá kò sí nínú ẹyọ ọ̀rọ̀ Hébérù kankan. Mátíù 28:19, ní Gíríìkì, ló to Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ sábẹ́ "orúkọ" ẹyọ kan. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ ní Naisíà ní 325 fi homoousios, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó ní ohun kan náà ni wọ́n jẹ́, so ti Ọmọ mọ́ ti Baba, ìgbìmọ̀ Konstantinópù ní 381 sì sọ̀rọ̀ kún ti Ẹ̀mí. Ẹni tó bá gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, bíi tèmi, kò nílò láti fún echad lọ́rùn kó lè jẹ́wọ́.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ kù sí ni "OLÚWA kan ni" tó wà nínú Bíbélì wa. "Kan" yìí ṣì lè jẹ́ ti "ọkùnrin kan wá", ẹnì kan ṣáá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà ní Hébérù lẹ́yìn "Gbọ́, Ísírẹ́lì", kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe nínú wọn. "OLÚWA, ọ̀kan ni" ló sún mọ́ ọn jù létí mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn lórí "kan" yẹn. Ẹ má sì fi "ṣoṣo" sí i o. Ti yachid nìyẹn.