Ilé ọtí kékeré: máìkì ń han gooro, onílé ní ariwo pọ̀, owó ẹnu ọ̀nà ò sì tó pín

Onígìtá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ orin. Ẹni mẹ́rin ni wá: akọrin, gìtá, béèsì àti dírọ́ọ̀mù. Àwọn ilé ọtí tí à ń ṣeré sí kì í gbà ju èèyàn 50 lọ, àjà wọn ò ga, ògiri wọn ò sì ní aṣọ kankan. Sípíkà onínṣì 12 méjì la ní, míkísà kan (ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀) àti mọ́nítọ̀ kan (sípíkà tó kọjú sí àwọn olórin fúnra wọn). Akọrin wa kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ká ní ká gbé máìkì rẹ̀ sókè báyìí, ó di kó máa han gooro. Kò ní pẹ́ tí onílé á fi wá sọ pé ariwo pọ̀, pé àwọn oníbàárà òun ò gbọ́ ara wọn. Tó bá wá kan owó, "ẹ máa pín owó ẹnu ọ̀nà" ni. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Alámòójútó Ohùn

Ẹ má tíì fọwọ́ kan míkísà. Ọ̀dọ̀ onílù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Dírọ́ọ̀mù ò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín ohùn kù, òun ló sì ń pinnu bí gbogbo yín ṣe máa ròkè tó. Béèsì á fẹ́ bá a dọ́gba, gìtá á fẹ́ bá béèsì dọ́gba, orí akọrin ni gbogbo ẹ̀ á wá já lé. Kí onílù lo ọ̀pá tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ dì pọ̀ dípò ọ̀pá gidi, kó sì tẹ́ aṣọ ìnura lé ìdajì ojú snare, ìlù kékeré tó ń dún ṣàkàṣàkà. Kí onígìtá gbé àmípù rẹ̀ (àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde) sórí àga kó kọjú sí etí òun fúnra rẹ̀. Tó bá wà nílẹ̀, ojúgun nìkan ló ń kọrin sí, ìyẹn ló ṣe máa ń fẹ́ gbé e sókè ṣáá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí nǹkan wà. Sípíkà gbọ́dọ̀ wà níwájú máìkì, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnu rẹ̀ ga ju orí àwọn tó dúró lọ, torí ara èèyàn máa ń gba ohùn tínrín mu. Ẹ má fi í há igun yàrá o, igun máa ń jẹ́ kí ohùn tó nípọn wú.

Tí máìkì yín bá jẹ́ cardioid (irú tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ), bíi SM58, ìdí rẹ̀ gan-an ló dití sí jù, ibẹ̀ ni kí mọ́nítọ̀ kọjú sí. Supercardioid, tí iwájú tó ń gbọ́ há jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ ìdí ló dití sí, nǹkan bíi 125° sí iwájú rẹ̀, torí náà ẹ sún mọ́nítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Kí akọrin má sì fọwọ́ bo àwọ̀n orí máìkì. Àwọn ihò tó wà lẹ́yìn àwọ̀n yẹn ló ń jẹ́ kí máìkì lè kọ ohùn tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Tí ọwọ́ bá ti dí wọn, á máa gbọ́ ibi gbogbo, ariwo ló kù. Ẹnu tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí máìkì, tó bá sún mọ́ 5, ohùn á fi nǹkan bíi 6 dB ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó).

Ìgbà yìí ló kan míkísà. Ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 100 Hz kúrò lára máìkì orin (Hz ló ń sọ bí ohùn ṣe tínrín tó: bó ṣe ń pọ̀ sí i lohùn ń tínrín sí i; 1 kHz jẹ́ 1000 Hz). Ẹ rọra máa gbé mọ́nítọ̀ sókè títí á fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Tó bá ń ṣe "húùù" bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò, ẹ wá a láàárín 250 sí 500 Hz. Tó bá ń súfèé, ẹ wò ó láàárín 2 sí 4 kHz. Ẹ dín ibẹ̀ kù ní 3 sí 6 dB, kẹ́ ẹ tún gbé e sókè. Ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹta péré, torí ohùn á dà bí èyí tó ń ti inú agolo jáde tẹ́ ẹ bá gé e jù. Kẹ́ ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ ní 3 dB.

Ẹ rántí pé òfìfo yàrá máa ń jẹ́ kí ohùn tínrín pọ̀ jù. Ẹ má gé ohùn tínrín tán nígbà ìdánwò, àwọn èèyàn tó ń bọ̀ á gé tiwọn.

Oníwáyà

Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ tí sípíkà ń kùn bí oyin, ẹ gba iná gbogbo nǹkan láti ojú iná kan náà. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ (earth) kúrò lára pílọ́ọ̀gì láé, ó lè pa akọrin tó fẹnu kan máìkì. Bọ́tìnì ground lift tó wà lára DI box (àpótí kékeré tí wọ́n fi ń so gìtá tàbí béèsì mọ́ míkísà) ni wọ́n ṣe fún kíkùn yẹn. Ẹ tú wáyà iná tí wọ́n ká mọ́ kẹ̀kẹ́ wáyà sílẹ̀ tán pátápátá, torí tó bá wà ní kíká, ó máa ń gbóná débi tí rọ́bà rẹ̀ lè yọ́. Wáyà jack gìtá kó má gùn ju mítà 6 lọ.

Olórí Ẹgbẹ́

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ẹnu ọ̀nà yẹn. Ká ní èèyàn 25 san owó ìwọlé, tí wọ́n fún yín ní ìdá 70 nínú 100. Owó èèyàn 17 àti ààbọ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pín in sí mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan ò rí ju owó èèyàn 4 lọ dáadáa. Tí wọ́n bá wá kọ́kọ́ yọ ìnáwó kúrò ńkọ́? Ohun tí ẹ máa béèrè ni iye kan pàtó, tàbí ìpín ẹnu ọ̀nà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ béèrè ẹni tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà àti iye àwọn tó máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù onílé kó sì dáhùn: aago tẹ́ ẹ máa dé, aago tí eré máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni sípíkà, iye owó, àti pé alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa san án. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán máa ń yí padà tó bá di aago méjìlá òru.

Ìṣẹ́jú 45 lọ́nà méjì ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú 20 láàárín. Orin 10 oníṣẹ́jú mẹ́rin ti tó fún apá kan. Ìsinmi yẹn ni ọtí máa ń tà jù, onílé ò sì ní gbàgbé. Ní ti ariwo, kí ẹnì kan nínú yín dúró sí káńtà nígbà ìdánwò, kó béèrè ọtí láìpariwo. Tí olùtajà bá ní kó tún un sọ, ẹ ti pọ̀ jù.

Onígìtá

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ló kù: etí akọrin, tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ cymbal (àwo irin dírọ́ọ̀mù), máa ń hó lẹ́yìn eré. Ṣé kó máa fi nǹkan dí i?

Alámòójútó Ohùn

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi falẹ̀. Ní 85 dB, wákàtí 8 ni ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé etí lè fara dà lójúmọ́. Bó bá ṣe ń fi 3 dB lé, ẹ máa pín àkókò náà sí méjì: 94 dB, wákàtí kan, 100 dB, ìṣẹ́jú 15. Eré yín ju wákàtí kan lọ, ẹ̀gbẹ́ cymbal ni akọrin yín sì dúró sí. Ìdíetí fóòmù lásán á jẹ́ kí ohùn ara rẹ̀ máa dún gbọ̀ngbọ̀n nínú agbárí rẹ̀, á sì yọ ọ́ nù. Èyí tí wọ́n ṣe fún olórin, tó ní àsẹ́ nínú, tó ń dín ohùn gbogbo kù lọ́gbọọgba, ni kó wá. Kó kọ́kọ́ lò ó nílé ìfidánrawò ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó lò ó lójú agbo, kẹ́ ẹ sì sún un kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ cymbal yẹn.