Pákó tútù àti owó oníbàárà: fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ igi ṣe iṣẹ́ kejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìrọ̀lẹ́ kan àpótí ní Abẹ́òkúta, tẹ́ ẹ wá fẹ́ máa gbowó lórí ẹ̀, pákó tútù ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí èèyàn. Tilé ara yín, bó bá là, ẹ ó ju aṣọ lé e. Ti oníbàárà, á gbé e padà wá bá yín ni.

Ẹ to pákó sábẹ́ páànù, kó ga kúrò nílẹ̀, kí òrùn má pa á. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ oní-íǹṣì kan sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, fíìtì kan ààbọ̀ síra wọn, kí wọ́n wà lórí ìlà kan láti òkè délẹ̀. Èyí tó bá yà, ibẹ̀ ni pákó á ti tẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde jù, òun ló ń mú kó là.

Ṣó ti gbẹ? Ẹ gé ẹ̀là kékeré láti àárín pákó, kì í ṣe lórí, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 232. Ẹ fi sínú ófìnnì, ooru bíi 103 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dín mọ́. Bó bá dúró sí 200, omi tó lọ jẹ́ 32; ẹ fi 200 pín in, omi inú rẹ̀ jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún àga inú ilé, 12 ló dáa.

Òótọ́ ni pé pákó tó gbẹ ló yẹ ká lò, àmọ́ pákó gbígbẹ náà ṣì ń mí. Ọyẹ́ á fún un, òjò á wú u, ní ìbú ni o, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ẹ má fi gúmù lẹ ojú tábìlì mọ́ férémù. Ẹ fa ihò skúrù gùn síbi ìbú pákó, kí skúrù lè rìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù Ṣẹ́rẹ́ á là á láàárín gbàgà!

Ti owó ńkọ́? Pákó oní-íǹṣì kan, bí plánì bá ti fá a níwá lẹ́yìn, á ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kókó àti ibi tó ti là á tún jẹ nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún iye pákó. Ẹ ka sáńpépà, gúmù, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó Márúwá láti Láfẹ́nwá. Wákàtí tẹ́ ẹ fi ń ha á dán ni ẹni tó ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ kì í kà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo igi tí wọ́n ń pè ní masónìà, ẹ fi nǹkan bo imú. Ìyẹ̀fun rẹ̀ á mú yín sín, ó sì lè mú imú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀.