DJ tuntun: ọwọ́ ta niṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ń wá?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ tí DJ fi ń da orin pọ̀, DDJ-FLX4, ti wà nílẹ̀, láptọ́ọ̀pù wà, orin wà. Orin méjì ti ń wọnú ara wọn lọ́wọ́ mi láìkọsẹ̀. Ẹni tó máa pè mí ló kù. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn. Ta ni kí n lọ bá, kí ni kí n sì sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí.

Sípíkà Ńlá
Àbúrò, má lọ bá ẹni tó ń náwó. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọjọ́ ìnáwó rẹ̀ lé ẹni tí kò rí rí lọ́wọ́. Àwa tá à ń fi sípíkà ṣe háyà ni kó o wá bá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ilé mẹ́ta mẹ́rin lè gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnì kan, àwọn kan nínú wọn ò sì ní DJ: ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, ọjọ́ ìbí ọmọdé. Wọ́n á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ẹni tó máa fi orin sí i dání." Ẹni tó bá wà nítòsí la ó dárúkọ. Àárọ̀ kùtù là ń kó ẹrù. Wá nígbà yẹn, bá wa gbé sípíkà, bá wa na wáyà, dúró títí a ó fi dán ohùn wò. Ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má tíì sọ pé DJ ni ẹ́.

Àdùkẹ́ Alága
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbàgbé àwa alága àti MC. Tí orin bá kú nígbà tí ìyàwó ń wọlé, ojú wa ló ń tì. Ẹni tó bá mọ àmì là ń rántí. Tí mo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, orin gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́, kó béèrè ètò lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú: orin tí àwọn òbí ìyàwó máa bá wọlé, ti òbí ọkọ, ti tọkọtìyàwó, ti ẹgbẹ́ aláṣọ kọ̀ọ̀kan. Kó tò wọ́n sójú kan lọ́tọ̀, kó fi nọ́ńbà síwájú orúkọ orin kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn.

Bàbá Ìbejì DJ
Lọ́dọ̀ tèmi, DJ tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà tó yá jù. Má tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ ni kó o tọrọ. Ìwé ìpè á ní aago méjìlá, èrò á dé ní méjì. Kò sí DJ àgbà tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró fún àga òfìfo. Tìrẹ nìyẹn. Orin jẹ́jẹ́, ohùn ìsàlẹ̀, má sì fọwọ́ kan orin tó ń gbóná lọ́jà, torí ohun tí ọ̀gá ẹ máa fi gbé èrò dìde nìyẹn. Tó bá dé ìdí ẹ̀rọ, jẹ́ kí orin tó wà lórí ṣì ku bí ìṣẹ́jú méjì, kó lè ráyè fi hẹ́dífóònù sétí.

Tọ́lá Àkóbọ̀
Ṣé wọ́n ń sanwó wákàtí yẹn?

Bàbá Ìbejì DJ
Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ.

Tọ́lá Àkóbọ̀
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo máa ní kó ṣe é, lọ́dọ̀ DJ ẹgbẹ́ ẹ̀ nìkan. Oníbàárà kọ́. Ẹni tó bá gbà ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bó ṣe máa júwe ẹ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí, kọ iye gan-an sílẹ̀ kí wọ́n rí i, kó o wá yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kí ìlàjì owó wọlé kó o tó di ọjọ́ náà mú fún wọn, kí ìyókù wọlé kó o tó tan ẹ̀rọ. Tí ìnáwó bá ti tán, àti rí oníǹkan gan-an dogun.

Kọ́lá-kékeré
Tí mo bá wà lábẹ́ DJ àgbà, tí àlejò wá gba nọ́ńbà mi ńkọ́?

Bàbá Ìbejì DJ
Nọ́ńbà ọ̀gá ẹ lo máa fún un.

Àdùkẹ́ Alága
Ẹ bá mi sọ fún un! Ẹni tó bá ń pín káàdì nídìí iṣẹ́ oníṣẹ́, a kì í pè é mọ́. Gbogbo wa la jọ ń pàdé ní Sátidé.

Tọ́lá Àkóbọ̀
Mi ò fara mọ́ ọn o, mà. Bí àlejò bá ní ọmọ yìí lòun fẹ́, títí dìgbà wo ni ọmọ ọlọ́mọ máa fi wà lábẹ́ ọ̀gá?

Peckham Boy
Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, a máa ń ní: iṣẹ́ tó bá ti òde ọ̀gá jáde, ọ̀gá á gba ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ti àkọ́kọ́, ìyókù di ti ọmọ iṣẹ́. Ìjà parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó ń lé DJ tuntun sílé níbí ni ìwé. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù ló máa béèrè ìwé public liability (ìnṣọ́ránsì tí nǹkan bá ṣe èèyàn nídìí iṣẹ́ ẹ) àti sítíkà PAT (àmì pé wọ́n ti yẹ iná ẹ̀ wò) lára ohun tó bá ń lo iná. Àwọn họ́ọ̀lù kan sì ní ẹ̀rọ lára ògiri tó ń ṣọ́ ariwo. Ohùn kọjá àlà báyìí, iná á kú pátápátá. Ẹ lọ wò ó kí ọjọ́ tó pé.

Sípíkà Ńlá
N'Íbàdàn níbí, wáyà ló ń lé wọn sílé. FLX4, RCA nìkan ni ihò tí ohùn ń gbà jáde lẹ́yìn ẹ̀, pupa àti funfun. Míksà wa, XLR (irú èyí tó wà nídìí máíkì) àti jáàkì ńlá ló ń gbà. Ra wáyà tó jẹ́ RCA méjì lápá kan, jáàkì ńlá méjì lápá kejì. Ra ẹyọ méjì, torí ìkan á já. Mítà mẹ́ta tó. Tó bá ju márùn-ún lọ, ariwo á máa wọ inú ẹ̀. Tí míksà bá jìnnà, DI box (àpótí kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn rìn jìnnà láìsí ariwo) ni kó o lò, kí wáyà XLR gbà á níbẹ̀.

Tó o bá wá ń gbọ́ "hùùù" lábẹ́ orin, yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù wò. Tó bá dákẹ́, ìlà iná tìrẹ àti ti míksà ni kò bára mu. Ki ẹ̀rọ méjèèjì sínú ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Tó bá ṣì ń ké, lo bọ́tìnì ground lift lára DI box, èyí tó ń gé ìlà ilẹ̀ (earth) inú wáyà ohùn. Má gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára plọ́ọ̀gì, ó lè gbẹ̀mí èèyàn. FLX4 sì ń jẹ iná láti ara láptọ́ọ̀pù, nítorí náà kí bátìrì kún kó o tó kúrò nílé. Tí wọ́n bá fẹ́ yí iná sí jẹnẹrétọ̀, kọ́kọ́ fa ohùn wálẹ̀.

Àdùkẹ́ Alága
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi fi iná pupa kún un. Tí iná orí ẹ̀rọ bá ń wọ pupa, ohùn ti ń fọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ nínú máíkì mọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú àdúrótì o. Kí ni kí n kọ sí WhatsApp àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ?

Àdùkẹ́ Alága
Túsìdeè ni kó o kọ ọ́, torí láti Fúráìdeè a ò ráyè ka nǹkan kan. Kó kúrú: "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi DJ báyìí, èmi tí mo bá wọn na wáyà ní họ́ọ̀lù báyìí ní Sátidé, tí mo dé fìlà dúdú. Fídíò ìṣẹ́jú kan rèé. Ọjọ́ tí mo ráyè lóṣù yìí nìwọ̀nyí." Nínú fídíò yẹn, èrò tó ń jó ni kí n rí. Ọwọ́ ẹ lórí bọ́tìnì ò wúlò fún mi.

Bàbá Ìbejì DJ
Kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé fújì àti jùjú. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dán ọmọ tuntun wò nílé ìnáwó.

Kọ́lá-kékeré
Ṣebí sync, bọ́tìnì tó ń mú ìrìn orin méjì dọ́gba, máa ṣe é?

Bàbá Ìbejì DJ
Rárá o. Èèyàn ló ń lu ìlù yẹn, ó ń yára, ó ń rọ̀, ẹ̀rọ ò lè dì í mú. Amapiano tó dúró sí nǹkan bí ìlù 112 ní ìṣẹ́jú kan kò yí ìrìn padà, sync á bá a lọ. Ní ti fújì, dúró de ibi tí ìlù ti já, tó ku olórin nìkan tó ń ki èèyàn. Ibẹ̀ ni kó o ti fa àkọ́kọ́ wálẹ̀, kó o gbé èkejì wọlé látorí ìlù ẹ̀.

Tọ́lá Àkóbọ̀
Èèyàn lè fọwọ́ to àmì ìlù ẹ̀ sílé ṣáájú, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn ń gba àkókò ni.

Bàbá Ìbejì DJ
Orin tó gùn tó ogún ìṣẹ́jú? Bá mi to ti ẹyọ kan, kó o gbé e wá síbí.