Ìmọ̀ràn kíákíá: ògiri yàrá ti bu, ọmọ kò sì lè sùn

Ìyá Fẹ́mi: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó mọ ẹni tí ó ṣeé gbọ́kàn lé tí ó lè bá mi mú ohun dúdú tí ó hù sára ògiri yàrá wa kúrò lónìí? Ọmọ mi wúkọ́ mọ́jú, àyà rẹ̀ sì ń dún bí ó ṣe ń mí. Apẹtẹ, ní Ìbàdàn, ni a wà.

Bàbá Ọjẹ́: Ẹ kú àìsùn ọmọ. Ṣé òkè ògiri ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí ìsàlẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òkè, páànù ni ó ń jò. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, omi ilẹ̀ ni ó ń gun búlọ́ọ̀kù bọ̀. Ẹ dí ọ̀nà omi ná kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni.

Alhaja Bódìjà: Ẹ má jẹ́ kí kunlékunlé kankan wọlé yín kí ẹ tó gbọ́ tèmi. Ọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún wa ní èṣí da jíìkì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òórùn tí ó jáde lé gbogbo wa síta, ọmọ mi tí ó ti ní ásímà tẹ́lẹ̀ sì di ẹni tí a ń sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí a fi padà dé, ó ti kun ọ̀dà funfun bo ibẹ̀, ó sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Òjò ọdún náà kò tíì dá tí dúdú náà fi tún yọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Háà, Alhaja! Ṣé ẹ gba owó yín padà?

Alhaja Bódìjà: Owó wo? Ó ní afẹ́fẹ́ ilé wa ni kò dára.

Ìyá Alágbo: Orógbó àti oyin ni kí ẹ fún ọmọ náà, àyà rẹ̀ yóò là.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu: Ẹ dákun, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, Ìyá Fẹ́mi kò sì tíì sọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ fún wa. Bí ihà rẹ̀ bá ń wọnú, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí mu ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí ó hù sára ògiri yẹn a máa tú èso wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí sínú afẹ́fẹ́. Bí ọmọdé bá ń fà á símú, ọ̀nà èémí rẹ̀ lè wú, kí ó sì fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà jáde lórí ọ̀rinrin inú ilé ní ọdún 2009, ohun tí Bàbá Ọjẹ́ sọ gan-an ni ó wà níbẹ̀: ọ̀rinrin ni kí a kọ́kọ́ dá dúró.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Lánlọ́ọ̀dù ni ó yẹ kí ó tún páànù ṣe.

Bàbá Ọjẹ́: Lánlọ́ọ̀dù Ìbàdàn wo? Yóò ní ẹ̀yin ni ẹ kì í ṣí fèrèsé. Ó sì lè má parọ́ tán, nítorí aṣọ tútù tí a ń sá sínú yàrá lásìkò òjò ń dá kún un.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Bàbá, ṣé ayálégbé ni yóò wá gun òrùlé ni?

Adé Sángo: Ẹnìkan wà ní àdúgbò wa tí ó mọ iṣẹ́ POP, ti sílíǹgì, dáadáa. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Fẹ́mi.

Ìyá Fẹ́mi: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti gbé e dé Adéọ̀yọ́, wọ́n fún un ní oògùn tí a ń fà sẹ́nu, ó sì ti ń sùn. Òkè ògiri ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíǹgì. Lánlọ́ọ̀dù kò gbé fóònù. Mo ti bá ẹni Adé Sángo sọ̀rọ̀, yóò wá kun ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run sí i lọ́jọ́ Sátidé.

Bàbá Ọjẹ́: Páànù ńkọ́?