Kí la ó máa pe skáànù ọkàn tí wọ́n ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì?

Ẹ̀yin ará tí à ń jọ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwé atúmọ̀ ìṣègùn, ẹ kú àròjinlẹ̀. Orúkọ mẹ́ta lẹ ti dá lábàá fún skáànù tí dókítà máa ń gbé wá bá aláìsàn nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe láti fi ìró wo ọkàn rẹ̀: "gbohùngbohùn ọkàn", "àwòrán ọkàn ẹ̀gbẹ́ ibùsùn" àti "ìró-òkè ọkàn". Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò rí èyí tí mo lè sọ níwájú ẹbí aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ìró-òkè" kúrò. Láàárín àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ohùn òkè ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́nu ará ilé, ohùn tó bá ti lọ sókè ti di ariwo. Ìró inú ẹ̀rọ yìí kì í sì í pariwo rárá. Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n fi ń wo ọkàn àgbàlagbà ń gbọ̀n ní bíi mílíọ̀nù méjì sí márùn-ún. Bó bá di dandan ká dárúkọ ìró, "ìró àìgbọ́" ló yẹ ẹ́.

Ẹni tó mú "gbohùngbohùn" wá kò ṣàdéédéé mú un wá. Ìró á lọ kọlu ara ọkàn, á padà bọ̀, èyí tó padà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán. Nígbà tí dókítà ọkàn Inge Edler àti onímọ̀ físíìsì Hellmuth Hertz kọ́kọ́ fi ìró wo ọkàn ní ìlú Lund, lórílẹ̀-èdè Sweden, lọ́dún 1953, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán nínú irin ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún obìnrin kan pé a fẹ́ ṣe gbohùngbohùn ọkàn ọkọ rẹ̀, ohun tí yóò rò ni pé ọkàn ọkọ òun ń ké. Àyẹ̀wò kíkún tí onímọ̀ ọkàn ń ṣe ti lórúkọ lẹ́nu àwọn èèyàn: "Wọ́n ní ká lọ ṣe ẹ́kò." Mo mọ̀ pé kò bá àǹkóò fáwẹ̀lì mu, òfin tó ń sọ fáwẹ̀lì tó lè jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ẹnu ti gbà á. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Àwòrán ọkàn" ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ọkàn tó ń lù kìkì nìkan kọ́ là ń pè ní ọkàn, ibẹ̀ náà ni èrò ń gbé. Ohun téèyàn ń fi ojú inú rí ni àwòrán ọkàn. Ti "ẹ̀gbẹ́ ibùsùn", ibi tí wọ́n ti ṣe é kọ́ ló mú un yàtọ̀. Onímọ̀ ọkàn lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá síbi bẹ́ẹ̀dì, kó jókòó, kó wọn ìlẹ̀kùn ọkàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ́kò náà ni. Èyí tí à ń sọ yìí, ìbéèrè díẹ̀ ló ń dáhùn. Ṣé ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa? Ṣé omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ti kún inú àpò tó yí i ká, tó wá ń fún un pa? Ṣé apá ọ̀tún ti wú jù? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dín lára aláìsàn débi pé inú ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo?

Ìgbà tí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ń hàn jù. Ẹnì kan ń tẹ àyà. Dókítà ti fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ó ti gbé skáànù sísàlẹ̀ eegun àyà, níbi tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀, kó má baà dí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ní "Ẹ dúró!" Ẹlòmíì á máa kà á sókè: oókan, eéjì, ẹẹ́ta... Kó tó di ẹẹ́wàá, ọwọ́ ti padà sórí àyà. Fídíò ti wà nínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni dókítà ń wo ohun tó ká sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni òpin tí wọ́n fún wọn, torí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọpọlọ bí ọwọ́ bá kúrò láyà. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 rí i pé ibi tí wọ́n bá ti lo skáànù, ìdúró náà ń tó ìṣẹ́jú-àáyá 21, níbi tí wọn ò ti lò ó, 13. Ẹni tó ń wá àwòrán tó dán ní í gbàgbé aago. Ó tún níbi tó ń tan èèyàn: apá ọ̀tún a máa wú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkàn bá ti dúró, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ẹ̀jẹ̀ tó dì, tó dí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ló fà á.

Nítorí náà, "yọjú" ni mo mú wá. Ẹni tó yọjú kò wá jókòó. "Ìyọjúwọkàn" ni kí ó wọ ìwé atúmọ̀. Ẹnì kan á ní ó jọ ọ̀rọ̀ tó wọ èèyàn lọ́kàn. Kí olúwarẹ̀ máa kọ ọ́ ní "ìyọjú-wo-ọkàn". Létí bẹ́ẹ̀dì, gbólóhùn ni mo máa ń lò: "Màmá, dókítà fẹ́ fi skáànù yọjú wo ọkàn bàbá." Wọn kì í ní kí n tún un sọ.

"Àjíǹde" àti "ìsọjí" tí ẹ dá lábàá fún àyà títẹ̀, mi ò gbà wọ́n. Ìkíní ti Jésù ni, ìkejì ti àgọ́ àdúrà. Ẹni tá a bá sọ fún pé à ń ṣe àjíǹde ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ pé ọmọ ti kú, ó tún ti gbọ́ pé yóò dìde, bẹ́ẹ̀ a ò tíì mọ ọ̀kan nínú méjèèjì. "Ìdóòlà ẹ̀mí" ti wà nínú ìwé ìròyìn, ẹ jẹ́ ká mú un.

Ó ku nǹkan tí wọ́n ń gbé lé àyà yẹn. Ẹ pè é ní "ọ̀pá". Kò gùn tó ọ̀pá, aláìsàn sì lè rò pé a fẹ́ fi gún òun. "Orí skáànù" là ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Ṣé ó burú?